Ara Tí Ó Ń Gbó: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Àgbàlagbà Máa Kọ́ Yógà?



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ bi ara rẹ̀, tí ó sì yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ bá a bi í: nígbà tí ọjọ́ bá ti lọ lórí ènìyàn, ǹjẹ́ ó tún yẹ kí ó máa ṣe làálàá lórí ara rẹ̀ bí? Àwọn kan wí pé kò yẹ. Wọ́n ní ara tí ilẹ̀ ń retí, kí ni a tún ń nà án sí? Wọ́n ní ọkàn ni kí arúgbó máa tọ́jú, nítorí ọkàn ni yóò lọ jíhìn. Àwọn mìíràn sì wà ní òdìkejì, tí wọ́n ń sá fún ọjọ́ ogbó bí ẹni ń sá fún ejò. Wọn a máa ná owó, wọn a máa ná àkókò, kí ó lè dà bí ẹni pé ọdún kò kọjá lórí wọn. Ìhà méjèèjì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. A ó fi ohun kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn oníṣègùn ń dámọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní àkókò wa yìí: ìdárayá àwọn ará Íńdíà tí a ń pè ní yógà.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Yógà kì í ṣe ohun àná. Ó ti wà ní Íńdíà láti ayé àtijọ́. Ní èdè Sáńskrítì, tí í ṣe èdè ìwé àwọn baba ńlá wọn, ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe dídi àjàgà mọ́ ẹranko lọ́rùn tan. Síso nǹkan pọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Patanjali, ẹni tí a ń pe ìwé Yoga Sutra ní tirẹ̀, pín ọ̀nà náà sí ẹ̀ka mẹ́jọ. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ kan ìwà ènìyàn sí ọmọnìkejì rẹ̀, òfin tí ó sì ṣíwájú níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe pa ẹ̀dá kankan lára. Oríṣiríṣi ìjókòó àti ìdúró tí gbogbo ayé fi mọ yógà lónìí jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ náà, ìlò èémí ni ó sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún yógà, a sì kọ́kọ́ ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà ní 2015.

Nínú àwọn tí ó mú ìdárayá yìí sún mọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ẹni tí a kò lè ṣàìdárúkọ ni B. K. S. Iyengar. Ní 1918 ni a bí i ní Bellur, ní gúúsù Íńdíà, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku ń pa ènìyàn kiri ayé. Ó ṣe ibà, ó ṣe táífọ́ọ̀dù, ó sì ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ara rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú alágbára wò ó. Ní 1934 ó lọ sí ìlú Mysore, sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, T. Krishnamacharya, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ yógà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí kalẹ̀ sí ìlú Pune, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni pé kò ti àìlera àwọn ènìyàn dànù. Bí ẹnìkan kò bá lè tẹ̀ kan ilẹ̀, ó fún un ní pákó kékeré láti fi ọwọ́ lé. Bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò bá gbé e, ó fún un ní àga. Ó lo okùn, ó lo bẹ́líìtì, ó lo tìmùtìmù. Kò fi ipá tẹ ara wọ inú ìdárayá. Ìdárayá ni ó tẹ̀ sí ọ̀nà ara.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àga náà, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ arúgbó ti ń ṣe yógà lónìí. A ó gbé àga tí kò ní táyà, tí kì í sì í yẹ̀, ti ògiri. Àgbàlagbà náà yóò jókòó síwájú díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè tẹ ilẹ̀ dáradára, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà. Bí ó ti ń fa èémí sínú, yóò gbé apá rẹ̀ sókè níwọ̀n tí ejìká bá gbà. Bí ó ti ń tú u jáde, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yóò yí ara rẹ̀ sí ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò sì yí i sí òsì. Nígbà tí ó bá yá, yóò dìde dúró lẹ́yìn àga, yóò di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, yóò gbé gìgísẹ̀ sókè, yóò sì fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Ní ìparí, yóò sinmi, yóò sì máa mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ìdíje níbẹ̀, kò sí ariwo, kò sì sí ẹni tí ń ka iye rẹ̀ láti fi yangàn.

Ṣùgbọ́n èrè wo ni ó ha wà nínú ohun kékeré bí èyí? Àwọn àgbà wa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń rò nígbà tí ó bá wo ẹ̀yìn pọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìṣubú ti ara, ọ̀pọ̀ wọn ni kò tún dìde láti wo ibì kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dọọdún, ìṣubú ń pa nǹkan bí 684,000 ènìyàn ní gbogbo ayé, àwọn tí ó ti kọjá 60 ọdún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò kú ni eegun ìbàdí wọn fọ́, tí wọn kò sì tún lè dá rìn bí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni àjọ kan náà ṣe gba àwọn tí ó ti tó 65 ọdún ní ìmọ̀ràn ní 2020 pé kí wọ́n máa ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, nínú ọ̀sẹ̀, àti pé ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èyí tí ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin, tí ó sì ń fún un ní agbára, wà nínú rẹ̀.

Yógà wà nínú ohun tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn oníṣègùn tí ó ti fi àwọn ẹni 60 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò rí i pé ìdúró wọn ń lágbára sí i, ìrìn wọn sì ń já geere sí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń ṣe é fún ìwọ̀n oṣù díẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ kan dúró ń kọ́ ọrùn ẹsẹ̀, itan àti ojú láti ṣiṣẹ́ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ màlúù méjì láti wọ àjàgà kan. Oríkèé tí a ń lò kì í tètè le. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí a ń pè ní American College of Physicians ka yógà mọ́ àwọn ohun tí a lè kọ́kọ́ lò fún ẹ̀yìn dídùn tí ó ti pẹ́ lára, kí a tó dé orí oògùn. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti sùn dáradára, mímí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sì máa ń mú kí ìlù ọkàn rọ̀. Ó tilẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀; ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ìdí láti pa oògùn dókítà tì.

Bí ẹnìkan bá wí pé, «Ó ti pẹ́ jù fún mi,» kí ó gbọ́ èyí. Ní 1990, àwọn oníṣègùn kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn arúgbó ilé ìtọ́jú kan, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ láti 86 sí 96 ọdún. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà tí ó sì parí, agbára ẹsẹ̀ wọn ti ju ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdárayá yẹn kì í ṣe yógà, ó le jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé iṣan ènìyàn kò tíì di aláìgbọ́ràn ní 90 ọdún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wí pé ara tí ilẹ̀ ń retí kò yẹ ní títọ́jú. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀, lọ́wọ́ ta ni ó wà? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò sí ìtìjú nínú èyí, Ọlọ́run ni ó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìyá tí ó bá lè dá dìde lórí àga, tí ó lè dá lọ sí ilé ìwẹ̀, tí ó sì lè dá bọ́ sórí ibùsùn, ti gbé ẹrù kan kúrò ní èjìká ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà lè wá bá a jókòó, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, nítorí pé gbígbé sókè àti gbígbé kalẹ̀ kò gba gbogbo agbára rẹ̀. A rí i nígbà náà pé ohun tí ó jọ ìfẹ́ ara ẹni lè jẹ́ ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ìyá àgbà tí ń gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè lẹ́yìn àga ní òwúrọ̀ ń ṣe iṣẹ́ àánú fún ẹni tí ì bá gbé e ní alẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọmọ pẹ̀lú. Àṣà wa dára, tí a fi ń wí fún àgbà pé, «Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ má ṣe ìyọnu, a ó bá yín ṣe é.» Ẹni tí ó bá jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ru ẹrù nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wò kò bọlá fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, tí a gba ìgbálẹ̀, tí a gba ìrìn kúkúrú àárọ̀, tí a sì fi í sórí àga láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọlá ha ni a ń bù fún un, tàbí ara tirẹ̀ ni a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹsẹ̀ tí a kò lò ń gbàgbé ìrìn. Bíbọlá fún òbí ni pé kí a jẹ́ kí ó ṣe èyí tí ó lè ṣe, kí a sì dúró nítòsí.

Nísinsin yìí, kí ni a ó wí fún àwọn tí ń sá fún ọjọ́ ogbó? A ròyìn rẹ̀ pé Iyengar kọ́ Ayaba Elisabeth ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù láti fi orí dúró nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó 80 ọdún. Ó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí gbogbo àgbàlagbà gbọ́dọ̀ gbìyànjú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsàn ojú tí a ń pè ní glọkómà, nínú èyí tí omi inú ẹyinjú sábà máa ń le jù, kò gbọ́dọ̀ dorí kodò. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ipá tẹ ẹ̀yìn síwájú, kí eegun ẹ̀yìn má baà fọ́. Kí àgbà má ṣe sé èémí. Bí òòyì bá kọ́ ọ tàbí tí àyà bá dùn ún, kí ó dúró. Kí ó sì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè, kí ó sì wá olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa àgbàlagbà. Ohun tí ó ń ba èrè ìdárayá jẹ́ fún arúgbó ni asán: láti máa wo ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa fẹ́ ṣe bí i tirẹ̀.

Iyengar fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1979, nígbà tí ó ti di ẹni 60 ọdún, ìjàǹbá alùpùpù pa á lára ní èjìká, ní ẹ̀yìn àti ní orúnkún. Ọ̀gá tí gbogbo ayé ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ titun. Ó gbà láti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣe é títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní 2014 ni ó kú, ní ẹni 95 ọdún. Ìrẹ̀lẹ̀ ni èyí. Ẹni tí ń sá fún ogbó kò lè ní in, nítorí pé ohun tí ara rẹ̀ jẹ́ lónìí ni kò fẹ́ gbà.

Àwọn kan nínú yín yóò bi wá pé: ìgbàgbọ́ wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn ẹlòmíràn ni èyí? Ìbéèrè náà tọ́. Láti inú ìsìn àwọn Híńdù ni yógà ti wá, àwọn olùkọ́ kan sì ń fi àdúrà ìsìn wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjọ Mímọ́ sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀nà báyìí nínú lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1989, nígbà tí Kádínà Ratzinger, ẹni tí ó di Póòpù Benedict XVI ní 2005, jẹ́ olórí ẹ̀ka tí ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Lẹ́tà náà kò ní kí a kọ irú ọ̀nà wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí kìkì pé wọn kò ti ọ̀dọ̀ Krístẹ́nì wá. Ó ní a lè mú ohun tí ó wúlò nínú wọn, níwọ̀n bí wọn kò bá ti bo ìtumọ̀ àdúrà Krístẹ́nì mọ́lẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìtura tí ara rẹ̀ rí nínú ìdárayá ní ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́. Kí Krístẹ́nì tí ó bá fẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀ na ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni òun nà. Àdúrà rẹ̀ ṣì ń dúró dè é. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa pé ara wa ni tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́, nígbà tí ó sì ń kọ̀wé sí Tímótì, kò wí pé ìdárayá kò ní èrè. Ó wí pé èrè rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mú kò ní pa ara rẹ̀ tì, kò sì ní bọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù. Bí a ti ń yin ìlera báyìí, kí ni a ń wí fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀? Ìyá kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní apá kan. Bàbá kan wà tí oríkèé rẹ̀ kò gbà á láyè mọ́. Bí a bá sọ ìlera di ìwà rere, a ti sọ àìsàn di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má ṣe ti ẹnu wa jáde! Ọ̀pọ̀ ló ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, tí wọ́n sì ṣubú síbẹ̀. Krishnamacharya, olùkọ́ Iyengar, ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni ní yógà, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ní 1984, nígbà tí ó ti tó 95 ọdún, eegun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Bí yógà bá lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ogbó, òun ni ì bá kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí a rántí. Ó ṣètò ìdárayá tí ó lè ṣe lórí ibùsùn, ó sì ń ṣe é. Ó wà láàyè títí di 1989, nígbà tí ó ti pé 100 ọdún.

Níhìn-ín ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa wà. Kì í ṣe láti bá ikú jà ni àgbàlagbà fi ń tọ́jú ara rẹ̀. Ikú kò ní fi ti àga àti tìmùtìmù pè. Ó ń tọ́jú rẹ̀ nítorí pé ohun tí a fún un kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò ru èyí tí ó bá sọ nù nínú rẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Nígbà tí ó bá lè dúró, kí ó dúró. Nígbà tí kò bá lè dúró mọ́, kí ó jókòó kí ó gbé apá sókè. Nígbà tí apá kò bá gbéra mọ́, kí ó mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ó sì mọ̀ pé iyì òun lójú Ẹlẹ́dàá kò fìgbà kan wà nínú apá tàbí nínú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn gbé àga náà ti ògiri, ẹ dúró nítòsí, ẹ má sì ṣe kánjú bá wọn dìde. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó dá ara àti ọkàn, fún àwọn arúgbó wa ní agbára tí ó tó fún ọjọ́ wọn, kí ó sì fún àwa tí a ń tọ́jú wọn ní sùúrù tí ó tó fún agbára wọn. Àmín.